Ìlà Ọmọ, Ìlà Ìyá

Nígbà tí gbogbo wa ṣì ń pe ara wa ní kamaráàdì bí ìjọba sójà ṣe pa á láṣẹ, nínú takisí tó ń ti Kétu lọ sí Idigny, mo gbọ́ tí akọ̀wé ilé ìwòsàn kan ń jẹ́wọ́ fún nọ́ọ̀sì àgbà tó jókòó tì í.

"Màmá, mo ti da àkọsílẹ̀ orúkọ àwọn ọmọ tó gba abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ rú. Mo ní kí kọ̀ǹpútà tò wọ́n láti A dé Z."

"Kí ló wá burú ńbẹ̀?"

"Bí a ṣe ń kọ ọ́ sínú ìwé ńlá wa tẹ́lẹ̀ ni mo ṣe kọ ọ́ sínú ẹ̀rọ: ọmọ lórí ìlà kan, ìyá rẹ̀ lórí ìlà tó tẹ̀ lé e. Ẹ̀rọ náà mú ìlà kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó dá wà, ó tú wọn ká. Mo sì ti fi tuntun pamọ́ lórí ti tẹ́lẹ̀, ti tẹ́lẹ̀ ti pa rẹ́."

"Háà! Káyọ̀dé mẹ́ta ń bẹ lágboolé kan ṣoṣo! Orúkọ ìyá la fi ń dá wọn mọ̀. Ìwé ńkọ́?"

"Ikán ti jẹ ẹ́. Tìtorí ikán la ṣe sá lọ sídìí ẹ̀rọ."

Màmá yíjú sí i. "Ta ni mo fẹ́ gún lẹ́ẹ̀kejì lọ́la?"

Èsì ọkùnrin náà ò tíì kúrò létí mi:

"Gbogbo ọmọ wà níbẹ̀, Màmá. Gbogbo ìyá wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó bí ẹnì kankan mọ́."