Ìràwọ̀ Tí Mo Fi Tan Ìyá Kàmọ́rù

Ẹ̀yin tí ẹ máa ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ó ti tó ọdún méjì tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi. Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá ni mo rí i pé n ò lè gbé e mọ́.

Padua, nílẹ̀ Ítálì, ni mo ti ń kàwé. Iṣẹ́ àṣekágbá mi dá lórí awòràwọ̀ kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́. Ọmọ àgbẹ̀ ni, ó ṣe ìránṣẹ́ ní London kó tó di ẹni tí àwọn ọlọ́lá ń wá. Ìyàwó àwọn atukọ̀ máa ń bi í bóyá ọkọ wọn ṣì wà láyé. Wákàtí tí wọ́n bá béèrè ló fi ń wo ojú ọ̀run. Ìwé tó kọ ni mo fi mọ bó ṣe ń ṣe é.

Mo dá wà nígbà náà. Ọ̀sẹ̀ kan lè lọ kí n má gbọ́ Yorùbá létí. Mo ṣàwàdà ní mọ́sálásí pé èmi náà lè wo ìràwọ̀, làwọn èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí. Inú mi dùn, kí n má parọ́.

Bí Ìyá Kàmọ́rù ṣe dé nìyẹn. Ọmọ wọn ti wọkọ̀ ojú omi kúrò ní Libya, ó ń bọ̀ wá bá wọn ní Padua, wọn ò sì gbúròó rẹ̀. "Ọmọ mi, bá mi wò ó. Ṣé ó ń bọ̀?" Mo wo aago, mo ya nǹkan sórí ìwé, mo ní ó ń bọ̀. Láti ìgbà náà, gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ń gbé mọ́ínmọ́ín wá fún mi.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, mo pàdé ọ̀dọ́kùnrin kan ní ibùdókọ̀ ojú irin Reggio Emilia. Nígbà tó gbọ́ pé Padua ni mo ti wá, ó bi mí bóyá mo mọ ìyá Kàmọ́rù. Ọkọ̀ kan náà ni òun àti Kàmọ́rù wọ̀. Ó ní ìṣojú òun ni Kàmọ́rù ti rì sómi. Ó bẹ̀ mí pé kí n bá òun sọ fún ìyá rẹ̀. Mo gbà. N ò sọ ọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tèmi. Ẹ̀rù bà mí pé bí mo bá sọ ọ́, kò sẹ́ni tí yóò tún pè mí lọ́mọ nílùú yìí.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, Ìyá Kàmọ́rù sọ fún mi pé àbúrò àwọn ní Udine ti bá àwọn ríṣẹ́ àti yàrá níbẹ̀. Wọ́n kọ̀. "N ò lè yí residenza mi, ibi tí ìjọba mọ̀ pé mò ń gbé, padà. Àdírẹ́sì yìí ni Kàmọ́rù mọ̀. Ìwọ náà ṣáà sọ pé ó ń bọ̀."

Mùsùlùmí ni wá. A ò kírun sí Kàmọ́rù lára, a ò ṣe fìdáù rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bá a tọrọ àforíjìn, torí ìyá rẹ̀ ṣì ń gbàdúrà kó gúnlẹ̀ láyọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n dá sọ ọ́ ni, àbí kí n mú lèmọ́mù dání? Ọ̀la ni ọjọ́ Ẹtì. Ìyá Kàmọ́rù ti pè mí pé àwọn ń bọ̀, kí n má tíì jẹun.