Bí Mo Ṣe Túmọ̀ Ọ̀rọ̀ Màmúdù

Ẹ̀yin tí ẹ ń pè mí ní àgbà aṣojú orílẹ̀-èdè, tí ẹ ra ìwé mi tí ẹ kà á, ẹ jókòó kí ẹ gbọ́ èyí tí n kò kọ. Ìwé mẹ́rin ni mo kọ nípa ayé mi. Orúkọ Màmúdù kò sí nínú ọ̀kankan. Dókítà ti sọ fún àwọn ọmọ mi pé kí wọ́n máa fún mi ní ohunkóhun tí ó bá wù mí jẹ. Mo mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. N kò lè gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ sàréè.

Ní ọdún 1957, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí, ògbufọ̀ ní kóòtù kan ní Ìfọ̀. Adájọ́ òyìnbó kò gbọ́ Yorùbá, àwọn tí wọ́n ń gbé wá kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹnu mi ni wọ́n fi ń gbọ́ ara wọn. Ni wọ́n bá gbé Màmúdù wá, ará Ìbàfò, tí ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Ó ń bọ̀ láti Mówè ni ó bá ọkùnrin kan, Ṣàràfá, nínú ẹ̀jẹ̀ lójú ọ̀nà. Ó gbé e lé itan, ó ń pariwo kí ènìyàn gbà á. Kí ẹnikẹ́ni tó dé, Ṣàràfá ti kú. Ẹ̀jẹ̀ tí ọlọ́pàá rí láṣọ Màmúdù ni wọ́n fi mú un.

Ẹni tí ó lu Ṣàràfá pa, mo mọ̀ ọ́n. Àbúrò Lásúnkànmí oníṣòwò gẹdú ni. Nígbà tí ẹjọ́ kù sí dẹ̀dẹ̀, Lásúnkànmí pè mí sí ilé rẹ̀, ó ní, "Mo gbọ́ pé o fẹ́ lọ kàwé nílùú òyìnbó. Lẹ́tà kan ṣoṣo láti ọwọ́ mi sí àwọn ènìyàn mi n'Íbàdàn, o ti lọ nìyẹn. Ẹjọ́ yìí, jẹ́ kó parí sórí Màmúdù." Èmi ẹni ibi yìí, mo dọ̀bálẹ̀, mo dúpẹ́.

Lọ́jọ́ ẹjọ́, wọ́n ní kí Màmúdù sọ tẹnu rẹ̀. Ó ní, "Olúwa mi, ọwọ́ mi ni ó kú sí. Mo gbìyànjú, apá mi ò ká a." Ọmọ Yorùbá wo ni kò mọ ohun tí ó ń sọ? Èmi yíjú sí adájọ́, mo sọ ní Gẹ̀ẹ́sì tó já gaara pé ó ní ọwọ́ òun ni òun fi pa á, òun kò lè kó ara òun níjàánu. Akọ̀wé kóòtù gbọ́ èdè méjèèjì. Ó wò mí, ó dorí kodò, ó ń kọ ọ́ lọ. Ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rìnlá. Nígbà tí mo ń túmọ̀ ìyẹn fún Màmúdù, n kò ṣì í.

Ká ní mo dúró síbẹ̀! Sùwéébátù, ìyá rẹ̀, wá bá mi láti Ìbàfò, ẹsẹ̀ rẹ̀ kún fún eruku. Ìyá tó tó bí mi lọ́mọ kúnlẹ̀ fún mi. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá akọ̀wé, ẹ bá mi kọ̀wé sí Gómìnà. Ọmọ mi yìí, bí mo bá ní kó pa adìẹ, ojú ló ń dì." Mo kọ ọ́ níwájú rẹ̀. Mo ka gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí i létí ní Yorùbá. Ó ń sunkún, ó tẹ̀ka. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì tó wà nínú ìwé náà ni pé ìdájọ́ tẹ́ ìdílé lọ́rùn, pé oníjàgídíjàgan ni Màmúdù láti kékeré. Ìka ìyá rẹ̀ ni mo fi tì í mọ́ ẹ̀wọ̀n. Sùwéébátù gbọ́wọ́ lé mi lórí, ó ní, "Ọmọ mi, Alláà á gbé ọ ga. Wàá máa bá àwọn ọba ayé sọ̀rọ̀." Àdúrà náà gbà. Orílẹ̀-èdè mẹ́ta ni mo ti ṣe aṣojú wa. Ọdún 1959 ni Màmúdù kú sẹ́wọ̀n. Mo wà ní Lọ́ńdọ̀nù, mo ń kàwé.

Lóṣù tó kọjá, mo ní kí wọ́n gbé mi lọ bá Hàfísátù àbúrò rẹ̀, arúgbó bíi tèmi. Mo jẹ́wọ́ fún un. Ó ní, "Màámi ń gbàdúrà fún yín títí wọ́n fi kú. Òyìnbó yẹn ni wọ́n ń ṣépè fún." Ó dìde, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Mo bẹ̀, bẹ̀, bẹ̀. Kò ṣí i.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ gbọ́ èdè tí ìyá yín kò gbọ́, ẹ bẹ̀rù Ọlọ́run. Ẹni tó bá mọ Hàfísátù, kó bá mi bẹ̀ ẹ́. Bí kò bá sì gbà, ẹ ṣáà bá mi wí i ketekete ní mọ́ṣáláṣí Ìbàfò lọ́jọ́ Jímọ̀, kí tọmọdé tàgbà gbọ́: Màmúdù kò pa ẹnikẹ́ni.