Kòkó Àjàyí Ló Gbé Wa Dé Èkó

Ẹ̀yin òǹkàwé, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ kan ti wà ní ikùn mi láti ọdún tí a gba òmìnira, ọdún kẹrin rèé. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, kódà n kò sọ ọ́ fún ìyàwó mi. Mo rò pé bí mo bá dákẹ́ pẹ́ títí, yóò di ọ̀rọ̀ àná. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí mo ṣẹ̀ fẹ́ kúrò nílùú wa lóṣù tó ń bọ̀, ohun tí kò mọ̀ nípa rẹ̀ ló sì ń lé e lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó bú mi.

Ọmọ Odígbo ni mí. Oko kòkó tí bàbá mi fi sílẹ̀ wà lójú ọ̀nà Òrè, ibẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Gbogbo ará ilé mi ló mọ̀ mí sí oníwàǹwára. Bí wọ́n bá gbé iṣu kaná, èmi ni mo máa ń ṣí ìkòkò wò kí omi tó hó. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe ń ṣe kòkó. Bí a bá la kòkó tán, orí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ là ń kó o lé, a ó fi ewé bò ó mọ́lẹ̀ kí ó gbóná, kí omi ara rẹ̀ ro dànù, kí a tó sá a sóòrùn. Ọjọ́ mẹ́fà ni àwọn tó mọ iṣẹ́ fi ń bò ó. Èmi, ọjọ́ kẹta ni mo máa ń tú tèmi. Mo ní kí ni mo ń dúró dè, ṣé adìẹ ń sàba ni?

Àjàyí ni orúkọ ẹni tí mo ṣẹ̀. Ará Àkókó ni. Òun àti Wúràọlá ìyàwó rẹ̀ ti ń dáko lórí ilẹ̀ wa kí bàbá mi tó kú, wọ́n sì ń mú ìṣákọ́lẹ̀ wá lọ́dọọdún láìjẹ́ pé a rán wọn létí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: ọwọ́ ọkùnrin yìí mọ kòkó ju ọwọ́ gbogbo wa lọ. Ọjọ́ mẹ́fà gbáko ni yóò fi bo tirẹ̀. Yóò máa tú u, yóò máa yí i po, yóò máa ti ọwọ́ bọ àárín rẹ̀ wò bí ìyá ṣe ń fọwọ́ kan iwájú orí ọmọ tí ibà ń ṣe. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní, "Àjàyí, ṣé kòkó lò ń ṣe ni àbí ò ń tọ́mọ?" Yóò rẹ́rìn-ín, yóò ní, "Bàbá Dúró, àwọn méjèèjì ò gba kánjúkánjú."

Lọ́dún òmìnira yẹn, ẹgbẹ́ àwa àgbẹ̀ kòkó ní kí olúkúlùkù mú àpò kékeré kan wá sí Odígbo, kí àwọn olùyẹ̀wò fi ọ̀bẹ la kóró rẹ̀ wò. Ẹni tí tirẹ̀ bá dára jù, òun àti ìyàwó rẹ̀ yóò wọ rélùwéè láti Ìbàdàn lọ sí Èkó, wọn yóò fi ọjọ́ mẹ́ta wo ìlú. Áà! N kò tí ì fojú kan rélùwéè rí láyé mi. Wúràọlá náà kò rí i rí, ṣùgbọ́n ó ti ń bi gbogbo èèyàn bóyá ó máa ń mú kí òòyì kọ́ èèyàn lójú bí ọkọ̀ ẹrù.

Àfi bí sòbìà ṣe mú Àjàyí lẹ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ náà. Kò lè rìn. Ó gbé àpò tirẹ̀ fún mi, ó ní, "Ẹ̀yin lẹ mọ̀wé, ẹ bá mi kọ orúkọ mi sí i."

Mo jókòó sábẹ́ igi kan lójú ọ̀nà. Mo mú kóró méjì nínú tirẹ̀, mo mú méjì nínú tèmi, mo là wọ́n. Inú tèmi dì pa, àwọ̀ rẹ̀ dà bí èsè àlùkò. Inú tirẹ̀ pọ́n dúdú bí obì gbígbẹ, ó sán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, òórùn rẹ̀ dùn. Mo wò ó títí. Mo wá kọ orúkọ mi sára àpò tirẹ̀, mo kọ orúkọ Àjàyí sára tèmi. Ẹ má jẹ́ kí n di ẹ̀bi ru èṣù. Ojúkòkòrò ni, èmi ni mo sì ṣe é.

Wọ́n pè mí síwájú, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Nígbà tí mo padà dé ọ̀dọ̀ Àjàyí, mo ní wọ́n sọ pé tirẹ̀ kò dára, pé kò mọ bí wọ́n ṣe ń bo kòkó. Ó wá ní, "Ẹ kú oríire, Bàbá Dúró. Ó tọ́ sí yín." Ní ọjọ́ tí a fẹ́ lọ, Wúràọlá gbé ẹja gbígbẹ àti dòdò wá fún wa pé kí a máa rí nǹkan jẹ lọ́nà. Ó ní kí Mọ́rẹ́nikẹ́ ìyàwó mi bá òun wo rélùwéè náà dáadáa.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí láyè kí n sọ ti ìrìn-àjò náà, nítorí ó dùn, dídùn rẹ̀ sì wà lára ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn. A wọ bọ́lẹ̀kájà láti Odígbo dé Oǹdó, a gba Ifẹ̀ dé Ìbàdàn. Eruku bò wá, ìdí ro wá. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé Dùgbẹ̀ tí rélùwéè fọn fèrè, Mọ́rẹ́nikẹ́ rọ̀ mọ́ mi lápá, ó ń sọ̀rọ̀ Ìkálẹ̀ wàrà-wàrà, ó gbàgbé pé àárín ará Ìbàdàn la wà. Mo ní, "Rọra, wọn ò ní gbé e sá lọ." Èmi tí mo ń sọ bẹ́ẹ̀, mo ti di òpó kan mú gírígírí.

Irin gígùn, ilé lẹ́yìn ilé lórí irin! Àwọn igi ń sá sẹ́yìn, èéfín ń gba ojú fèrèsé wọlé, aṣọ funfun Mọ́rẹ́nikẹ́ di dúdú bí aṣọ oko, kò bìkítà. Ní Làfẹ́nwá, a gba orí odò Ògùn kọjá, ó yọ orí síta wo omi lábẹ́ wa, ó ní, "Yéè, ọmọ aráyé gbọ́n!" A ra ọsàn, a ra búrẹ́dì gbígbóná lójú fèrèsé. Mo wo ìyàwó mi, mo rí ọmọge tí mo fẹ́ lọ́jọ́sí, kí ọmọ márùn-ún àti iṣẹ́ oko tó bò ó.

Àgbẹ̀ kòkó kan láti ẹ̀gbẹ́ Ìbàdàn jókòó dojú kọ wá. Mọ́rẹ́nikẹ́ kò lè pa á mọ́ra, ó ní ọkọ òun ni kòkó rẹ̀ dára jù. Ọkùnrin náà yọ fìlà fún mi, ó ní, "Ọjọ́ mélòó lẹ fi bò ó?" Ẹnu mi ti ṣáájú mi, mo ní, "Mẹ́ta." Ó wò mí, ó ní, "Mẹ́ta kẹ̀?" Mo ní ẹnu mi ló ṣì, mẹ́fà ni. Mọ́rẹ́nikẹ́ rẹ́rìn-ín, ó ní mo máa ń ṣàwàdà bẹ́ẹ̀. Láti ibẹ̀ dé Agége, ojú fèrèsé ni mo kọjú sí.

Ṣùgbọ́n Èkó lè mú èèyàn gbàgbé. Ilé àbúrò bàbá Mọ́rẹ́nikẹ́ ní Èbúté Mẹ́ta la dé sí. A tẹ nǹkan kékeré kan lára ògiri, iná tàn. Mọ́rẹ́nikẹ́ tẹ̀ ẹ́ títí bàbá onílé fi ní kó fi sílẹ̀. A fẹsẹ̀ rin afárá lọ sí Ìsàlẹ̀ Èkó. Àsíá òmìnira, aláwọ̀ ewé àti funfun, ṣì ń fẹ́ lórí àwọn ilé ìjọba. Mo rí akọ̀wé, ọmọ wa, aláwọ̀ dúdú bíi tèmi, tó ń sọ̀kalẹ̀ nínú irú mọ́tò tí òyìnbó nìkan ń gùn tẹ́lẹ̀, orí mi wú. Mo ní ilẹ̀ yìí ti di tiwa.

Ọjọ́ kejì la lọ sí etí omi láti wo ọkọ̀ òkun. Ẹ gbà mí gbọ́, ó ga ju igi ìrókò lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ ń ru àpò wọ inú rẹ̀, àpò lẹ́yìn àpò. Kòkó ni. Kòkó ilẹ̀ wa ń lọ sílùú òyìnbó! Mọ́rẹ́nikẹ́ dúró, omijé ayọ̀ gba ojú rẹ̀. Ó ní, "Bàbá Dúró, bóyá tiyín wà níbẹ̀. Mo ti máa ń bínú sí yín pé ẹ ò ní sùúrù. Ẹ forí jì mí. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe kòkó tó gbé wa dé ibí yìí, ó ní sùúrù."

Ìgbà kan ṣoṣo tí ìyàwó mi yìn mí báyìí láyé nìyẹn. N kò lè sọ fún un pé Àjàyí ló ń yìn.

Nígbà tí a dé ilé, Wúràọlá wá jókòó, ó ní kí Mọ́rẹ́nikẹ́ sọ ti ìrìn-àjò náà látìbẹ̀rẹ̀. Ó gbọ́ tán, ó ní kó tún un sọ. Àjàyí ní tirẹ̀ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kí n kọ́ òun níṣẹ́. Ó ní, "Ọjọ́ mélòó lẹ fi bò ó?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ibí yìí ni ẹ̀ṣẹ̀ mi ti di méjì. Bí mo bá sọ pé mẹ́fà ni, yóò ní bẹ́ẹ̀ náà lòun ń ṣe, yóò sì béèrè kí ló dé. Mo ní, "Mẹ́ta." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Láti ọjọ́ náà, ọjọ́ kẹta ni Àjàyí ń tú kòkó rẹ̀, àwọn olùyẹ̀wò sì ń dá a padà fún un. Èmi, mo lọ ń fi ọjọ́ mẹ́fà bo tèmi ní kọ̀rọ̀ oko, àwọn èèyàn sì ń wá láti Àrárọ̀mí-Òbù láti wo ọwọ́ mi. Mo rí i bí ọ̀gá iṣẹ́ ṣe ń di ọ̀bọ nídìí iṣẹ́ rẹ̀, mo sì dákẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó wá sọ fún mi pé òun ń padà sí Àkókó. Mo ní kò gbọdọ̀ lọ. Ó ní, "Bàbá Dúró, ilẹ̀ yín ò ṣẹ̀ mí. Ọwọ́ mi ni ò mọ kòkó. Ogún ọdún, mo rò pé mo mọ̀ ọ́n." Ọkùnrin tó ti tó àádọ́ta ọdún, ó sunkún níwájú mi. Àní ó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi pé òun fi ilẹ̀ wa ṣòfò.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ojú Mọ́rẹ́nikẹ́ ń tì mí ju ojú ẹgbẹ́ lọ. Ṣé òun ni kí n kọ́kọ́ sọ fún, àbí Àjàyí? Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti dé ẹnu ọ̀nà ọkùnrin náà lọ́sẹ̀ yìí, mo kí i, mo sì padà. Mo fi orúkọ àbísọ tèmi pamọ́ nínú ìwé yìí, n kò fi tirẹ̀ pamọ́, nítorí mo ti bò ó mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan rí. Kò mọ̀wé kà. Bí ìwé yìí bá dé ọ̀nà Òrè kí n tó ní ìgboyà, ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ ilé rẹ̀ kó bá mi ka èyí tó kù sí i létí.

Àjàyí, o mọ kòkó. Tìrẹ ló gba ipò kìíní. Ìwọ àti Wúràọlá ló yẹ kó wọ rélùwéè náà. Má lọ.