Èmi Ni Mo Pe Ọlọ́pàá sí Díákónì Adéwálé

Ẹ bá mi gbé ọwọ́ sókè fún Ọlọ́run tó ń dí ọ̀nà ikú nígbà tí ènìyàn ti là á sílẹ̀ tán. Ẹ yin Olúwa! Ẹ̀yin tí ẹ wà nídìí ẹ̀rọ, ẹ má ṣèyọnu, màíkì yìí kò bàjẹ́ o, èmi ni mi ò tíì gbé e súnmọ́ ẹnu. Mo ti fẹ́ padà sílé lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó pe orúkọ mi.

Àwọn àlejò inú wa lè máa wò mí pé, òyìnbó arúgbó wo nìyí tó ń sọ Yorùbá bí ẹní mumi? Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n bí mi sí. Dókítà ni bàbá mi, míṣọ́nnárì ni. Ìyá kan níbẹ̀ ló pọ̀n mí dàgbà, òun náà ló sọ mí ní Àdùkẹ́. Mo ti dàgbà díẹ̀ kí a tó kó padà wá sí Amẹ́ríkà. Nítorí náà, tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn aláwọ̀ funfun tó kórìíra ènìyàn dúdú, mo máa ń mi orí, mo máa ń káàánú wọn. Mo gbà pé kò kàn mí. Ẹni tí wọ́n fi ẹ̀yìn dúdú pọ̀n, báwo ló ṣe máa wá sá fún dúdú? Bí mo ṣe rò ó nìyẹn. Ẹ máa bá mi bọ̀.

Brandywine ni mò ń gbé, ní àdúgbò tuntun. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́lé níbẹ̀: ilé kan náà, ilẹ̀kùn kan náà, ọ̀dà kan náà. Bí o bá mutí dé, ilé ẹlòmíràn lo máa sùn. Ilé méjì tó dojú kọ tèmi ṣófo nígbà náà, wọn kò tíì lẹ nọ́ńbà mọ́ wọn. Mo mọ̀ pé wọ́n ti ta ti apá ọ̀tún. Ti apá òsì ṣì wà lọ́jà.

Ní àárọ̀ Sátidé kan, ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́, mo ń po kọfí. Mo yọjú lójú fèrèsé, mo rí ọkùnrin dúdú gíga kan tó ń yí ilé apá òsì po. Ó wọ jákẹ́ẹ̀tì dúdú, ó fa fìlà bo etí. Ó fọwọ́ kan fèrèsé. Ó fọwọ́ kan ilẹ̀kùn. Ó mú ìgò kan lọ́wọ́, ó ń da nǹkan inú rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà. Àyà mi já! Mo ní bẹntiróòlù nìyẹn, ó fẹ́ dáná sun ún. Mi ò ṣílẹ̀kùn. Mi ò bi í pé ta ni. Fóònù ti wà létí mi. Mo sọ fún ẹni tó gbé e pé ọkùnrin dúdú kan ń fọ́ ilé, ó fẹ́ fi iná sí i. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o, mi ò sọ pé ó jọ bẹ́ẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ló rí. Ẹyin lohùn, ẹ̀yin ará.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ra ilé rí nínú ìjọ yìí ti mọ ohun tó ń ṣe, mo rí yín tí ẹ ń wo ara yín. Ta ló máa kó bẹ́ẹ̀dì wọ ilé tuntun nínú yín láì kọ́kọ́ fi òróró yan ẹnu ọ̀nà? Díákónì Adéwálé ni! Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba kọ́kọ́rọ́ ilé wọn lọ́jọ́ Jímọ̀, ó wá gbàdúrà síbẹ̀ kí ẹrù tó dé. Àṣìṣe rẹ̀ ò ju ẹyọ kan lọ: ilé onílé ló ń fi òróró yàn. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ rẹ́rìn-ín, òun náà ń rín in báyìí. Lọ́jọ́ yẹn, kò sí ẹ̀rín.

Mo ṣí fèrèsé díẹ̀ kí n lè rí i dáadáa, kí ọlọ́pàá lè ní ẹlẹ́rìí. Ohùn rẹ̀ ló wọlé. "Bàbá, ẹni tó bá jáde nínú ilé yìí, á padà wọlé láyọ̀. A ò ní fi ilé yìí ṣọ̀fọ̀." Yorùbá! Bí ìyá tó pọ̀n mí ṣe máa ń gbàdúrà láàárọ̀ nìyẹn, ọ̀rọ̀ náà gan-an. Lójú ẹsẹ̀ ni olè tí mo rí di baálé ilé. Kò pààrọ̀ aṣọ, kò pààrọ̀ àwọ̀. Mo tún pe ọlọ́pàá, mo ní kí wọ́n má wá mọ́, mo ṣì í mọ̀ ni. Obìnrin tó gbé fóònù ní wọ́n ti wọ àdúgbò wa.

Kó tó sọ̀rọ̀ tán ni wọ́n dé. Ọlọ́pàá méjì bọ́ sílẹ̀, ọ̀kan funfun, èkejì dúdú bíi Díákónì fúnra rẹ̀. Àwọn méjèèjì ti yọ ìbọn. Wọ́n ń pariwo pé kó ju ohun ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Òróró tí Pásítọ̀ ti gbàdúrà sí! Ta ló máa jù ú mọ́lẹ̀ nínú yín? Díákónì ò jù ú. Ó ń bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kó lè gbé e kalẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Àwọn ọlọ́pàá ò mọ̀ pé òróró ni, wọn ò sì mọ̀ pé ọ̀wọ̀ ni. Ohun tí wọ́n rí ni ọkùnrin tí wọ́n pàṣẹ fún tí kò gbọ́, tí ọwọ́ rẹ̀ sì ń lọ sísàlẹ̀. Mo rí èjìká ọ̀kan nínú wọn tó le gbagidi.

Mi ò mọ ìgbà tí mo ṣílẹ̀kùn. Aṣọ ìsùn ló wà lọ́rùn mi, ẹsẹ̀ lásán ni mo fi jáde. Mo fẹ́ sáré lọ bá wọn, Ẹ̀mí Mímọ́ ní kí n dúró, ẹsẹ̀ mi sì wọlẹ̀ ṣinṣin. Mo na ọwọ́ mi méjèèjì sókè, mo ké: "Ẹ jù ú sílẹ̀, sà! Ẹ ju òróró yẹn sílẹ̀, Ọlọ́run ò ní bínú! Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má mira!" Díákónì yíjú. Ó rí òyìnbó arúgbó nínú aṣọ ìsùn tó ń ké Yorùbá Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹnu yà á débi pé ìgò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Halelúyà! Ìyàlẹ́nu ni Ọlọ́run fi já ìgò yẹn gbà lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe ọgbọ́n mi.

Kò tíì tán o. Wọ́n bi í pé ilé ta nìyí. Ó ní tòun ni. Wọ́n ní kó ṣí i. Kọ́kọ́rọ́ wọlé, kò yí. Ó tún gbìyànjú, kò yí. Mo rí ojú Díákónì nígbà yẹn, ojú ẹni tí òótọ́ di irọ́ mọ́ lẹ́nu. Ìbọn ò tíì padà sápò. Ni mo bá sọ pé, ẹ̀yin ọ̀gá, ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni tirẹ̀, wọ́n jọra ni, èmi ni mo pè yín, èmi ni mo ṣì í mọ̀. Wọ́n fi ìbọn sápò. Bẹ́ẹ̀ péré! Wọn ò bi mí pé ta ni mí. Wọn ò béèrè káàdì. Ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, wọn ò gbà á gbọ́. Èmi tí mo wọ aṣọ ìsùn, gbólóhùn kan ni mo sọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n tó ní kó lọ dán kọ́kọ́rọ́ náà wò ní ilé kejì, ó sì ṣí wẹ́rẹ́. Mo padà wọlé. Ohùn mi kan náà ló fẹ́ pa á, òun náà ló yọ ọ́. Ta ló gbé irú agbára bẹ́ẹ̀ lé mi lọ́wọ́? Ẹ̀rù ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí.

Kí n tó lọ rí Díákónì àti ìyàwó rẹ̀, mo ti kọ́kọ́ jẹ́rìí ní ìjọ tí mò ń lọ nígbà náà, ìjọ àwa òyìnbó. Mo ní Ọlọ́run fi Yorùbá mi gba ọkùnrin kan là. Wọ́n dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́. Mi ò sọ ẹni tó pe ọlọ́pàá.

Nígbà tí wọ́n kó dé tán, mo lọ bẹ̀bẹ̀. Ìyá Tóbi, ìyàwó Díákónì, ló ṣílẹ̀kùn. Mo fẹ́ kúnlẹ̀, ó gbá apá mi mú. "Ẹ má kúnlẹ̀ fún wa, mà. Tí àgbà bá ti kúnlẹ̀, ọmọdé ò lè sọ tinú ẹ̀ mọ́. Èmi sì ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu." Òótọ́ ló sọ. Mo mọ àṣà náà láti kékeré, òun ni mo fẹ́ fi tètè gba ìdáríjì lọ́wọ́ wọn. Mo jókòó. Ó ní, "Ẹ ṣeun tí ẹ jáde, mà. Ṣùgbọ́n ká ní English ló fi ń gbàdúrà ńkọ́? Ká ní kò tiẹ̀ gbàdúrà, tó kàn wá wo ilé tó fowó ẹ̀ rà? Ṣé ẹ máa jáde?" Mo bú sẹ́kún. Ó jẹ́ kí n sun ún. Ó ní, "Mi ò ní lè bá yín nujú, mà. Èmi gan-an ò tíì sun tèmi."

Ọ̀rọ̀ yẹn lé mi padà sí ìjọ mi. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, mo sọ gbogbo rẹ̀, títí kan ìpè. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń kọrin fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní mi ò kì í ṣe ẹlẹ́yàmẹ̀yà, kí n má fi orúkọ burúkú pe ara mi. Mo ní, orúkọ kọ́ ló fẹ́ pa ènìyàn, ìpè ni. Kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí dòní. Ó ń dùn mí. Ní ọjọ́ orí mi yìí, ọ̀rẹ́ ò pọ̀ nílẹ̀ mọ́.

Ẹ má sì rò pé mo ti mọ́ tán. Lóṣù tó kọjá, ẹnìkan kọ ọ́ sí group chat àdúgbò wa pé ta ló mọ ọkùnrin tó dúró lẹ́bàá àwọn àpótí lẹ́tà. Mo yọjú. Ọkùnrin dúdú ni, ó sanra, ó ga, ó kó ọwọ́ sápò. Àyà mi já, bó ṣe já lọ́jọ́ kìíní gan-an! Ẹ̀rù yẹn ṣì wà nínú mi, ó ń gbé níbẹ̀. Ọkùnrin yìí ò gbàdúrà, kò sọ Yorùbá. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n ti tọ́ mi, tí ènìyàn bá dúró lójúde rẹ, wàá kí i kí o tó bi í ní nǹkan. Mo kọ ọ́ sí group pé ẹ má pe ẹnikẹ́ni, mò ń lọ kí i. Mo wọ bàtà, mo jáde, mo ní, "Good morning."

Kí n tó sọ èkejì, ó ti yọ ọwọ́ méjèèjì jáde nínú àpò, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ kí n lè rí i. Ó ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò rẹ ọwọ́ náà sílẹ̀. Ó ní òun ń dúró de ẹni tó máa gbé òun lọ síbi iṣẹ́ ni, mà. Ẹ̀yin ará, èmi arúgbó tí mi ò lè gbé garawa omi, ẹ̀rù mi ló ń ba ọkùnrin ńlá yẹn! Mo fà sẹ́yìn díẹ̀. Mo ní òtútù àárọ̀ yìí mà pọ̀ o. Ó ní ó pọ̀. Mo bá a dúró títí mọ́tò fi dé, kí àwọn tó ń yọjú lójú fèrèsé lè rí wa.

Díákónì ní kí n wá sọ ọ́ níbí. Ìyá Tóbi ní kí n má yọ ìkankan kúrò níbẹ̀. Kò tíì sọ fún mi pé òun ti dárí jì mí, mi ò sì ní bi í. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pàtẹ́wọ́ fún mi. Tí ẹ bá máa pàtẹ́wọ́, ẹ pa á fún Jésù tí kò jẹ́ kí ìpè mi di òkú. Kí ẹ wá bá Ìyá Tóbi yọ̀: lánàá, ọkọ rẹ̀ jáde nílé kí ilẹ̀ tó mọ́, ó sì padà wá jẹ oúnjẹ alẹ́.