Èmi Ni Mo Lé Ọkọ Ṣèrífátù Lọ Nítorí Ewúrẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ máa ka ìwé mi yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi dé ìdí kí ẹ tó bú mi. Ó ti lé lọ́dún mẹ́fà tí mo ti ń gbé ẹ̀ṣẹ̀ yìí kiri. Ǹ bá má sọ ọ́, àmọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá ò jẹ́ kí n lè dákẹ́ mọ́.

Ìwó ni mo ń gbé, nílé ẹbí ọkọ mi. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, tí mo ń pè ní Àǹtí, ló gbé ewúrẹ́ kan fún mi sìn. Ó ní kí n mú ọ̀kan nínú méjì fún owó iṣẹ́ mi: kí òun fún mi ní àǹkárá lọ́wọ́lọ́wọ́, tàbí kí n ṣe sùúrù. Tí ewúrẹ́ bá kọ́kọ́ bí, òun ló ni ọmọ. Tó bá bí lẹ́ẹ̀kejì, tèmi ni. Àǹkárá náà wù mí, àmọ́ sùúrù ni mo mú.

Mo já ewé fún un nínú òjò. Ó bí méjì, Àǹtí kó wọn lọ. Ó tún lóyún, ikùn rẹ̀ ti ń kanlẹ̀, ni Àǹtí bá fà á lọ pa níbi ìkómọ ọmọ-ọmọ rẹ̀. Mo béèrè tèmi, ó rẹ́rìn-ín lójú gbogbo ilé.

"Ìyàwó, ṣé èmi ni mo ní kó o má gba aṣọ?"

Mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ ṣé, Àǹtí. Mo sọ fún ara mi pé ẹni tó lè dúró de ewúrẹ́ lè dúró de ẹ̀san.

Ọdún mẹ́ta ni mo fi dúró. Ṣèrífátù, ọmọ Àǹtí obìnrin, wá rí ọkọ ní Olúpọ̀nnà. Àwọn ará ilé ọkọ rán ẹni méjì wá wádìí lábẹ́lẹ̀, bí a ti ń ṣe, bóyá ọmọ náà níwà. Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n yà sí. Mo fún wọn lómi mu, mo mí kanlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọ̀rọ̀ yìí lọ̀ mí. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló bí i."

Mi ò parọ́ kankan mọ́ ọn. Wọ́n wo ara wọn, wọ́n gun ọ̀kadà wọn, wọn ò padà wá mọ́. Lọ́jọ́ tí Àǹtí sunkún, oúnjẹ dùn lẹ́nu mi. Mi ò ní tàn yín, ó dùn gan-an.

Àmọ́ Ṣèrífátù ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Òun ló ń pọnmi fún mi nígbà tí ẹsẹ̀ ń dùn mí. Ó ti pé ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, kò tíì lọ́kọ. Ìyá rẹ̀ ò tíì bẹ̀ mí dòní lórí ewúrẹ́ náà. "Ìyàwó onísùúrù" ló ń pè mí.

Lánàá, àwọn mìíràn wá wádìí láti Kuta. Ọ̀dọ̀ mi náà ni wọ́n yà sí. "Ọmọ náà níwà," gbólóhùn kan péré ni mo ní láti sọ, ẹnu mi kọ̀, kò sọ ọ́. Mo ní orí ń fọ́ mi, kí wọ́n padà wá lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Mo fẹ́ kí ọmọ náà lọ́kọ. Mi ò kàn fẹ́ kí ìyá rẹ̀ bá a yọ̀ ni.