Oògùn Ọdún Mọ́kànlá Tí Mo Dà Sínú Abọ́ Iwájú Pẹpẹ

Ìwọ Olúwa tí O dúró tì mí nígbà tí àwọn tó ń pe orúkọ Rẹ dì mí mú mọ́lẹ̀, ọpẹ́ ni fún Ọ! Ìyìn ni fún Ọ! Ẹ bá mi ṣe àmín, ẹ̀yin ìjọ. Ẹ ṣe é kó dún. Ẹ̀yin tó wà ní ìjókòó kejì náà, ẹ ṣe é.

Àlùfáà ní ìṣẹ́jú márùn-ún ni mo ní. Mo dúpẹ́, sà. Mo kọ ẹ̀rí tèmi sílẹ̀, nítorí n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún bá mi sọ ọ́. Ẹ rántí pé wọ́n ti jẹ́ ẹ̀rí yìí lẹ́ẹ̀kan níbí, ní ọjọ́ ìkórè tó ṣáájú ti èṣí. Èmi kọ́ ni mo jẹ́ ẹ. Orí ibùsùn ọsibítù ni mo wà nígbà tí wọ́n ń jẹ́ ẹ lórúkọ mi, tí ẹ sì ń pàtẹ́wọ́. Irọ́ ni ẹ pàtẹ́wọ́ fún. Òtítọ́ rẹ̀ ni mo mú wá lónìí.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ àlejò, Ìyá Káyọ̀dé ni wọ́n ń pè mí. Mo ti pé ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Yábàá ní ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀dá ẹlẹ́mìí, kí n tó fẹ̀yìn tì.

Ẹ̀gbẹ́ mi ni ọkọ mi kú sí, nínú mọ́tò, ní Costain. Òun ló ń wa ọkọ̀. Ó ní, "Ó rẹ̀ mí díẹ̀," ó sì fi àyà lé ohun tí wọ́n fi ń darí ọkọ̀. Fèrè ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún, kò dákẹ́. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti gbọ́ fèrè ọkọ̀, àyà mi á máa lù kìkìkì, ọwọ́ mi á tutù, èémí mi á há. Ní Sùúrùlérè, ta ni kì í gbọ́ fèrè ọkọ̀? Oorun sá fún mi.

Ní ọjọ́ kẹta tí a sin ọkọ mi, àbúrò rẹ̀ obìnrin, Àǹtí Bọ́sẹ̀, pè mí wọ yàrá. Nọ́ọ̀sì ni, kò tíì fẹ̀yìn tì nígbà náà. Mo fi ọdún mẹ́sàn-án jù ú lọ, ṣùgbọ́n ó ti wà nínú ilé ọkọ kí n tó wọ̀ ọ́, nítorí náà èmi ni mò ń pè é ní Àǹtí, èmi ni mò ń kúnlẹ̀ kí i, òun sì ni ó ń pè mí ní "ìwọ". Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. Ó ki hóró oògùn kékeré kan bọ̀ mí lọ́wọ́.

"Ìyàwó, gbé e mì. Ojú rẹ ti pọ́n jù, o ń kó ìtìjú bá wa níwájú àlejò."

"Kí ni wọ́n ń pè é, Àǹtí?"

"Ìwọ àti ìbéèrè. Ṣé kíláàsì rẹ la wà ni?"

Mo gbé e mì. Obìnrin ilé kì í bá àbúrò ọkọ jiyàn, pàápàá nígbà tí yẹ̀pẹ̀ orí sàréè kò tíì gbẹ. Mo sì sùn. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́, mo sùn títí oòrùn fi wọlé bá mi. Oògùn náà ṣiṣẹ́. Bí kò bá ṣiṣẹ́ ni, n kì bá tí há sínú rẹ̀.

Àǹtí mú mi lọ sọ́dọ̀ dókítà kan tó ní ọsibítù tirẹ̀ nítòsí Ojú Ẹlẹ́gbà. N kò ní í dárúkọ rẹ̀. Ó mọ ara rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ sì ń gbọ́ mi níbi tó jókòó sí. Oṣooṣù ni mo ń lọ, ọ̀rọ̀ kan náà la sì ń sọ.

"Mọ́mì, ṣé ẹ ń sùn?"

"Mo ń sùn."

"Ó dáa náà. Ẹ máa lò ó lọ."

Kì í gbé orí sókè. Nígbà tí hóró kan kò ràn mí mọ́, ó kọ méjì. Nígbà tí méjì kò ràn mí mọ́, ó kọ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kan mo bi í pé ìgbà wo ni n óo dá a dúró. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mọ́mì, kí lẹ fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Ẹ̀yin ẹ ṣáà máa sùn." Nígbà tó yá, n kò lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́, nítorí kẹ́místì tó wà lẹ́yìn ilé mi ń tà á fún mi láì béèrè ìwé dókítà. Báyìí ni ọdún mọ́kànlá ṣe lọ. Èmi náà jẹ̀bi. Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́, n kò ka bébà inú páálí oògùn mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ẹ wá wo ohun tó sọ mí dà. Mo ṣubú nílé ìwẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo ń fi orúkọ bàbá rẹ̀ pe ọmọ-ọmọ mi. Ẹ sì rántí ọjọ́ Àìkú tí mo ka ẹ̀kọ́ kìn-ín-ní nínú Bíbélì tán níbí, tí mo tún bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti òkè. Àwọn kan nínú yín rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ yín. Lọ́jọ́ kejì ìgbìmọ̀ ìjọ rán ẹni méjì sí mi. Wọ́n ní, "Mama, ẹ ti gbìyànjú. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ máa kà á." Ọdún méjìlélógún ni mo fi ka ẹ̀kọ́ nínú ilé yìí. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, kò sì sí ẹnì kan tó bi mí pé, kí ló ń ṣe yín.

Ọmọ mi wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún. Káyọ̀dé, má tẹrí ba, gbé e sókè. Káyọ̀dé gba kọ́kọ́rọ́ ilé lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Mọ́mì, iyè yín ti ń ra. Tí ọdún bá ti yípo, ẹ óo kúrò ní Sùúrùlérè, ẹ óo máa gbé lọ́dọ̀ wa." Mo ní inú ilé bàbá rẹ̀ ni mo fẹ́ kú sí. Ó ní kí n má bínú, ìfẹ́ ni. Ìfẹ́ ọ̀hún ló mú kọ́kọ́rọ́ ilé tí èmi àti bàbá rẹ̀ kọ́, tó so ó mọ́ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀. Ohun tó bà mí lẹ́rù ju ikú lọ nìyẹn: kí wọ́n kó mi kúrò nílé mi bí arúgbó tí kò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì, kí èmi náà sì gbà pé bẹ́ẹ̀ ni mo rí.

Ó wá ku ọ̀sẹ̀ kan kí a ṣe ìkórè. Àǹtí Bọ́sẹ̀ ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ó ti di olórí ẹgbẹ́ aládùúrà. Ó gbé abọ́ tánganran funfun kan síwájú pẹpẹ. Ó ní ẹni tó bá ní ìgbàgbọ́, kó jáde wá da oògùn rẹ̀ síbẹ̀. Àwọn èèyàn ń jáde. Mo jókòó. Ó sọ̀kalẹ̀ wá bá mi, ó tẹ̀ sí mi létí.

"Ìyàwó wa, ìwọ ni mò ń dúró dè."

"Àǹtí, oògùn tí ẹ̀yin fún mi mà ni."

"Ìdí nìyẹn tí mo fi lè gbà á padà. Dìde. Má dójú tì mí."

Mo dìde. Ẹ̀yin tó mọ ilé ọkọ, ẹ mọ ìdí tí mo fi dìde. Gbogbo èyí tó wà nínú báàgì mi ni mo dà sínú abọ́, ẹ sì kọrin. Nọ́ọ̀sì tó ti fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn lóògùn kò ṣí ẹnu sọ fún mi pé eléyìí kì í ṣe ohun tí à ń jáwọ́ nínú rẹ̀ lójijì.

Lọ́jọ́ kejì, òógùn bò mí. Lọ́jọ́ kẹta, ọwọ́ mi ń gbọ̀n débi pé n kò lè gbé ife tíì. Ó ń ṣe mí bí ẹni pé èèrà ń rìn lábẹ́ awọ ara mi. Mo pe Àǹtí lórí fóònù. Ó ní, "Ó ń bá ọ jà kó tó lọ ni. Má wẹ̀yìn." Lọ́jọ́ kẹrin, mo wá sí ẹ̀kọ́ Bíbélì àwọn ìyá nínú gbọ̀ngàn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé yìí. Mo rántí pé mo na ọwọ́ sí àga. N kò rántí nǹkan mìíràn.

Àwọn tó wà níbẹ̀ ló sọ ìyókù fún mi. Mo ṣubú, gbogbo ara mi ń fà, ojú mi yí sókè. Ẹ dì mí mú mọ́lẹ̀. Ẹ ki ṣíbí bọ̀ mí lẹ́nu, ṣíbí kán eyín mi. Àlàfo rẹ̀ nìyí, ẹ wò ó. Ẹ ní kí ẹ̀mí àìmọ́ jáde. Ẹ̀mí wo? Àǹtí, ẹ wà níbẹ̀, nọ́ọ̀sì sì ni yín. Ẹ mọ ohun tí ẹ ń wò.

Ẹni tó yọ mí kì í ṣe ọmọ ìjọ yìí. Àlàájì Mùdá ni, ará Mùṣín tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní Ládìpọ̀. Ó wá rí mẹkáníìkì tó wà ní òdìkejì títì, ó gbọ́ ariwo, ó yọjú.

"Ẹ̀yin ìyá, kí ló ṣe wọ́n?"

"À ń gbàdúrà ni, Àlàájì. Ẹ máa lọ."

"Àdúrà dáa. Ṣé kò ṣe é gbà nínú ọkọ̀ ni?"

Òun àti mẹkáníìkì ló gbé mi sẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n gbé mi dé ọsibítù ìjọba. Àlàájì kò wá síbí lónìí, ṣùgbọ́n Ọlọ́run tó rán an mọ ilé rẹ̀. Kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ fún mi.

Dókítà tó gbà wá jẹ́ ọmọbìnrin tó lè jẹ́ ọmọ-ọmọ mi. Nígbà tí ojú mi là, ó fa àga sún mọ́ ibùsùn mi. Láti ọdún mọ́kànlá, òun ni dókítà àkọ́kọ́ tó jókòó tì mí.

"Mọ́mì, oògùn wo lẹ ń lò?"

Mo dárúkọ rẹ̀.

"Látìgbà wo?"

"Ọdún mọ́kànlá."

"Ìgbà wo lẹ lò ó kẹ́yìn?"

"Ó di ọjọ́ mẹ́rin."

Ó yọ ìgò ojú rẹ̀. "Ta ló ní kí ẹ jáwọ́ lẹ́ẹ̀kan náà?"

Mo wo Àǹtí Bọ́sẹ̀ tó dúró ní ìdí ibùsùn. Àǹtí ń wo fèrèsé.

Káyọ̀dé dá sí i. Ó ní, "Dókítà, iyè wọn ti ń ra tẹ́lẹ̀. Arúgbó ni."

Dókítà dá a lóhùn. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yọ oògùn kúrò nínú iyè náà, ká tó mọ èyí tó jẹ́ ti arúgbó."

Olúwa, mo dúpẹ́! Mo dúpẹ́ fún ẹnu ọmọ yẹn! Ó ṣàlàyé fún wa pé kì í ṣe ẹ̀mí, kì í sì í ṣe wárápá. Ara ti fi oògùn náà ṣe òpó. Bí èèyàn bá fa òpó yọ lójijì, òrùlé á wó lé e lórí. Ó dá mi padà sórí oògùn náà kí ó má baà pa mí, ó wá ń dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo wà ní ọjọ́ ìkórè, nígbà tí Àǹtí dúró síbi tí mo dúró sí yìí, tó sọ fún yín pé ẹgbẹ́ aládùúrà ti lé ẹ̀mí àìmọ́ kúrò lára ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun.

Ọdún kan àti oṣù mẹ́ta ni mo fi sọ̀kalẹ̀ kúrò lórí oògùn náà. Abẹ ni mo fi ń gé hóró náà sí ìdajì, sí ìdá mẹ́rin. Dókítà ló ń sọ ìwọ̀n rẹ̀, n kì í dá a ṣe. Ó tún rán mi sí obìnrin kan tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa gbọ́ ohun tó wà lọ́kàn ẹni. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Costain láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò sẹ́ni tó bi mí rí. Oṣù kẹrin burú. Mo bínú sí Ọlọ́run, mo sì sọ fún Un. Kò lé mi.

Ní oṣù kẹsàn-án, mo jí lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, orúkọ gbogbo ọmọ tó wà nínú kíláàsì àkọ́kọ́ tí mo kọ́ wá sí mi lórí, láti ìjókòó iwájú dé ti ẹ̀yìn. Mo kọ wọ́n sílẹ̀. Nígbà tí Káyọ̀dé dé, mo ní kó kà wọ́n. Ó kà wọ́n tán. Ó tú kọ́kọ́rọ́ mi kúrò lára ti ọkọ̀ rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì. Kò tọrọ àforíjì. Ó bi mí bóyá ẹ̀bà wà. Mo fún un ní ẹ̀bà. Ọmọ ni.

Mo padà lọ bá dókítà Ojú Ẹlẹ́gbà náà. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ̀yin lẹ ń béèrè fún un." Mo ní, "Ojoojúmọ́ ni àwọn ọmọ kíláàsì mi ń béèrè pé kí n jẹ́ kí wọ́n lọ ṣeré. Ṣé mo gbà fún wọn?" Lọ́jọ́ náà ló tó gbé orí sókè wò mí.

Wọ́n ní kí n dárí ji Àǹtí. Àlùfáà ti bẹ̀ mí lẹ́ẹ̀mẹta. Mo gbọ́, sà. Ohun tó ti wọ ara fún ọdún mọ́kànlá, díẹ̀díẹ̀ la fi ń yọ ọ́. Mo ti bẹ̀rẹ̀. N kò tíì dé ìdajì.

Ó di oṣù karùn-ún báyìí tí mo ti gbé èyí tó kẹ́yìn mì. Àyà mi ṣì ń já nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó ń já a. Inú ilé mi ni mò ń sùn. Mo dúpẹ́, mo tún ọpẹ́ dá.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú irú ìṣòro yìí, ẹ má sọ ìrètí nù. Oògùn kì í ṣe ọ̀tá Ọlọ́run. Ẹni tó ń fúnni láì wojú ẹni, àti ẹni tó ń gbà á dànù láì bi dókítà, àwọn ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Láti ìgbà tí mo ti ń sọ̀rọ̀, mo ti rí ẹni mẹ́rin tó fọwọ́ tẹ báàgì wọn. N kò ní í wo ọ̀dọ̀ yín mọ́. Ẹ má jù ú nù, ẹ má sì dá a dúró lónìí. Lọ́la, ẹ gbé e lọ bá dókítà, kí ẹ bi í: kí lorúkọ rẹ̀, kí ni mo fi ń ṣe, ọ̀nà wo ni n óo gbà kúrò nínú rẹ̀. Bí ẹ̀rù bá ń bà yín láti dá lọ, ẹ wá kan ilẹ̀kùn mi. N óo wọ bàtà, n óo bá yín lọ, n óo sì jókòó tì yín níbẹ̀ títí ẹ óo fi bi í tán.

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó dá iyè mi padà fún mi. Ẹ ṣeun.