Iṣẹ́ tí Lei Mancang Rán Mi

Ní òwúrọ̀ Sátidé kan nínú oṣù kìíní ọdún 1999, mo yọ bátìrì méjì tó dára kúrò nínú ẹ̀rọ ìgbọ́ràn Lei Suyun, mo sì fi méjì tèmi tó ti rẹ̀ síbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò rí mi. Ẹnikẹ́ni kò bi mí léèrè. Bí mo bá tún dákẹ́, ọ̀rọ̀ náà yóò bá mi wọ ilẹ̀, wọn yóò sì máa fi orúkọ mi ṣe àpẹẹrẹ rere fún àwọn ọmọ ọlọ́mọ. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ ọ́.

Ning Caiqin ni orúkọ mi. Mo ń kọ́ni ní ìmọ̀ ìtàn ní kọ́léèjì àwọn olùkọ́ tí èmi fúnra mi ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde ní ìpínlẹ̀ Gansu. Lọ́dọọdún, bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun bá ti dé, àwọn aláṣẹ a ní kí n wá sọ fún wọn bí mo ṣe yege nínú ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì Ìpele Kẹrin lẹ́yìn tí mo ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà mọ́kànlá ni mo ti sọ ọ́. Ìfaradà ni mo máa ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Gbogbo ohun tí mo sọ ló ṣẹlẹ̀. Ohun tí n kò sọ ló sọ gbogbo rẹ̀ di irọ́.

Nígbà tiwa, ọgọ́rùn-ún ni máàkì ìdánwò náà, ọgọ́ta ni ti ẹni tó yege. Ẹni tí kò bá ní ọgọ́ta lè parí ilé-ẹ̀kọ́, wọn yóò sì fún un ní ìwé pé ó parí, ṣùgbọ́n kò ní gba oyè. Ilé-ẹ̀kọ́ girama ìlú kì í gba olùkọ́ tí kò ní oyè. Ilé-ẹ̀kọ́ orí òkè ni irú wọn ń lọ, níbi tí olùkọ́ kan ti ń kọ́ kíláàsì mẹ́ta nínú yàrá kan. Ọ̀gá girama agbègbè wa ti wo Suyun nígbà tó ń fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò, ó sì ti sọ fún un pé bó bá ti gba oyè, kí ó máa bọ̀, àyè kan ń dúró dè é. Èmi àti òun ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì. Ìdánwò oṣù kìíní yẹn ni àǹfààní ìkẹyìn wa.

Àwa mẹ́fà là ń gbé yàrá kan. Bí ọjọ́ orí bá ṣe tẹ̀ léra ni a ń pe ara wa: Dou Hongxia ni Ẹ̀gbọ́n Àgbà, Suyun ni Ẹ̀gbọ́n Kejì, èmi ni Ẹ̀kẹrin. Oṣù mẹ́ta péré ni Suyun fi jù mí lọ, síbẹ̀ n kò pè é ní “ìwọ” rí. Ọ̀wọ̀ ẹnu kò náni ní nǹkan kan. Ní àárọ̀, kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀, èmi àti òun a lọ dúró sí ẹ̀yìn ilé tí wọ́n ti ń se omi gbígbóná, nítorí ògiri ibẹ̀ máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, a ó kọjú sí ògiri náà, a ó sì máa ka ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sókè títí ohùn wa yóò fi há. Hongxia a yọrí lójú fèrèsé.

“Ẹ̀gbọ́n Kejì, ṣé o ti gbé ìwé yẹn mì ni? Jọ̀ọ́, ṣẹ́ díẹ̀ kù fún wa, ebi ń pa wá.”

“Ẹ̀gbọ́n Àgbà, abala kìíní lẹ ṣì wà láti èṣí,” Suyun a dá a lóhùn. “Ẹ jẹ́ kí ẹni tó fẹ́ jáde níbí kàwé.”

“Ògiri nìkan ló máa yege. Òun ló ń gbọ́ ọ jù.”

Apá kìíní ìdánwò náà, etí ni wọ́n fi ń ṣe é. Rédíò kọ́léèjì ló ń gbé ohùn náà jáde, akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan a sì fi ẹ̀rọ ìgbọ́ràn tirẹ̀, tó gbé sétí, gbà á. Irú kan náà ni gbogbo wa rà nínú ṣọ́ọ̀bù kọ́léèjì. Bátìrì méjì ló ń lò. Baba Suyun, Lei Mancang, ní ìsọ̀ kékeré kan ní abúlé wọn, níbi tó ti ń ta iyọ̀, ọṣẹ, àbẹ́là àti bátìrì. Nígbà tí ìdánwò ku ọ̀sẹ̀ méjì, ó fi bátìrì mẹ́rin ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀, ó fi ìwé ìròyìn wé wọn, ó kó wọn sínú àpò àsálà kan. Irú bátìrì tí gbogbo wa ń lò ni, aláwọ̀ pupa.

Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. “Ẹ̀gbọ́n Kejì, ẹ ṣọ́ra o. Bátìrì ìsọ̀ abúlé! Wọ́n á ti wà lórí pẹpẹ kí wọ́n tó bí wa.”

“Baba mi lo ń bú yẹn o,” ni ó wí, ṣùgbọ́n ó ń rẹ́rìn-ín. “Ogún ọdún ló ti ń wọn iyọ̀ fún abúlé wa, kò sẹ́ni tó ní ó dín. Gba méjì, kí o fi dí ẹnu rẹ.”

“Rárá o. Tèmi wà.”

“Ó dáa. Ẹ̀gbọ́n Àgbà, ẹ gba ti Ẹ̀kẹrin. Olówó ò fẹ́.”

Lóòótọ́ ni tèmi wà, tuntun sì ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán gbogbo ni rédíò kọ́léèjì ń gbé àwọn ìdánwò àtijọ́ jáde, mo sì ń fi bátìrì wọ̀nyẹn gbọ́ wọn lójoojúmọ́. Suyun tọ́jú tirẹ̀ di ọjọ́ ìdánwò. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, òtútù mú tó bẹ́ẹ̀ tí omi dì nínú bàsíà ìbọ́jú. Mo tan ẹ̀rọ mi wò. Ohùn náà ń jáde bí ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ ìrọ̀rí. Mo sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù.

“Àná ló yẹ kí o wá, ọmọ mi,” ni obìnrin tó ń tajà wí. “Àwọn ẹgbẹ́ rẹ ti kó gbogbo rẹ̀ lọ.”

Ṣọ́ọ̀bù mìíràn wà ní òdìkejì odò. Ogójì ìṣẹ́jú ni àlọ àti àbọ̀ rẹ̀. Mo ní àádọ́ta. N kò lọ. Mo padà sí yàrá. Suyun ti lọ pọn omi gbígbóná; ó gbé fúláàsì tirẹ̀, ó sì gbé tèmi pẹ̀lú. Àwọn tó kù ti lọ jẹ ògì jéró. Ẹ̀rọ ìgbọ́ràn Suyun wà lórí ìrọ̀rí rẹ̀. N kò ní sọ pé iṣẹ́ èṣù ni. Ọwọ́ mi ló ṣe é, kò sì gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Nígbà tó wọlé, ó gbé fúláàsì mi síbi tó máa ń wà, ó ní, “Ẹ̀kẹrin, fi ẹ̀rọ rẹ sínú kóòtù, kí òtútù má pa bátìrì.” Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nínú gbọ̀ngàn, ìlà mẹ́ta ló wà láàárín wa, èmi ni mo wà lẹ́yìn. Kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní kí a dán ẹ̀rọ wò. Tirẹ̀ sọ̀rọ̀, ó sì mi orí pé ó dára. Ní ìbéèrè keje, mo rí i tó ṣí ẹ̀rọ náà kúrò létí. Ó gbọ̀n ọ́n. Ó yọ àwọn bátìrì, ó fi wọ́n sábẹ́ abíyá, ó dá wọn padà. Ó nawọ́ sókè. Olùṣọ́ ìdánwò wá, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo sì gbọ́ ohun tó wí nítorí pé gbogbo gbọ̀ngàn dákẹ́: “Ẹ̀rọ rẹ, ojúṣe rẹ ni. Jókòó, má dí àwọn yòókù lọ́wọ́.” Suyun jókòó. Ó gbé ẹ̀rọ náà sétí padà, ó sì jókòó bẹ́ẹ̀ títí apá náà fi parí, bí ẹni tó ń gbọ́ nǹkan. Èmi gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ kedere. Mo kọ ìdáhùn sílẹ̀ bí mo ṣe ń wo ẹ̀yìn orí rẹ̀.

Suyun lọ sílé fún Ọdún Tuntun ìbílẹ̀ wa, tó bọ́ sí oṣù kejì, kò sọ nǹkan kan fún baba rẹ̀, torí ó ṣì ní ìrètí. Èsì jáde ní oṣù kẹta. Mo ní mọ́kànlélọ́gọ́ta. Suyun ní mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Ó jókòó sórí ibùsùn rẹ̀, kò sunkún.

“Kí ló ṣe bátìrì yẹn?” Hongxia bi í. “Tèmi sọ̀rọ̀ dé òpin. Èmi ni n kò gbọ́ ohun tó ń sọ.”

Suyun gbójú sókè. “Baba kan náà ló fi ránṣẹ́.”

Mo rí i pé ọkàn rẹ̀ fẹ́ máa fura sí ibòmíràn. Mo sì sọ̀rọ̀. Mo ní, “Ó lè jẹ́ pé wọ́n pa ti àtijọ́ pọ̀ mọ́ tuntun. Àwọn onísọ̀ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àbúrò bàbá mi náà ń ṣe é.” N kò ní àbúrò bàbá kankan tó ń tajà.

Ní ọ̀sán yẹn, ó kọ lẹ́tà sílé. Ó kà á sí mi létí: “Baba, ẹ fi òkú bátìrì ránṣẹ́ sí ọmọ yín. Ẹ wọn iyọ̀ pé fún gbogbo ayé, èmi lẹ fi ìyókù orí pẹpẹ fún.” Ó bi mí bóyá ó ti le jù. Mo ní kò le. Mo ń lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́, mo sì bá a mú un lọ.

Mo rò nígbà náà pé mo ti ṣe èyí tó burú jù. Èyí tó burú jù ṣì ń bọ̀.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, ìyá tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé àwọn obìnrin pariwo orúkọ Suyun láti ìsàlẹ̀. Baba rẹ̀ ti dé. Ó ti wọ bọ́ọ̀sì láti ìdájí. Wọn kì í jẹ́ kí ọkùnrin wọlé, ó sì dúró síta lẹ́bàá ògiri, ó di fìlà rẹ̀ mú lọ́wọ́.

“Sọ fún un pé n kò sí,” ni Suyun wí fún mi.

Mo sọ̀ kalẹ̀. Ọkùnrin kékeré ni, ọwọ́ rẹ̀ sì ti sán nítorí òtútù.

“Ìwọ ni Ẹ̀kẹrin, àbí? Ó máa ń dárúkọ rẹ. Mo mọ̀ pé ó wà lókè. Má wulẹ̀ purọ́ fún mi, ọmọ mi, n kò bínú. Iṣẹ́ kan ni kí o bá mi jẹ́ fún un. Páálí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ já ni mo ti mú bátìrì wọ̀nyẹn. Mo fi wọ́n sínú tọ́ọ̀ṣì mi ní méjì-méjì kí n tó wé wọn. Gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tàn. N kò mọ ohun tó ṣe wọ́n lọ́nà. Ṣùgbọ́n n kò fún ọmọ mi ní òkú nǹkan. Ìyẹn nìkan ni kí o sọ.”

“Màá sọ fún un, Baba.”

“O ṣeun. O ṣeun gan-an ni.”

Àjà mẹ́rin ni mo gùn padà. Ní àjà kọ̀ọ̀kan, mo lè yí ohun gbogbo padà. Suyun ń dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn.

“Kí ló wí?”

“Ó ní kí ẹ má bínú sí òun.”

“Ó gbà nìyẹn.”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

Bátìrì tí mo jí, máàkì ló gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ tí mo sọ lẹ́nu ilẹ̀kùn yẹn ló gba baba lọ́wọ́ rẹ̀.

Èmi ni mo gba oyè, èmi náà ni girama agbègbè gbà sí àyè tí wọ́n fi pamọ́ dè é, kí n tó padà wá di olùkọ́ ní kọ́léèjì. Wọ́n rán an lọ sí orí òkè. Ọdún Tuntun márùn-ún ni kò fi lọ sílé. Ẹrù ló máa ń fi rán arákùnrin rẹ̀ sílé. Òun fúnra rẹ̀ kò lọ. Lei Mancang kò ta bátìrì mọ́ láti ìgbà náà. Abúlé kejì ni àwọn ará ibẹ̀ ń rìn lọ rà á. Ní ìgbà ìkórè ọdún 2004, ó ṣubú nínú ìsọ̀ rẹ̀, ó kú. Òjò ti gé ọ̀nà òkè. Wọ́n ti sin ín kí Suyun tó dé. Bí mo ṣe mọ gbogbo èyí ni pé Suyun ló ń kọ ọ́ sí mi nínú lẹ́tà. Jálẹ̀ ọdún wọ̀nyẹn, àbúrò ló ń pè mí.

Nínú oṣù kejìlá èṣí, èmi ni mo ń ṣọ́ gbọ̀ngàn ìdánwò. Ẹ̀rọ ọmọbìnrin kan dákẹ́, ó nawọ́ sókè. Mo rìn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo sì gbọ́ ohùn ara mi: “Ẹ̀rọ rẹ, ojúṣe rẹ ni.” N kò lè parí rẹ̀. Mo fún un ní ẹ̀rọ tó wà lórí tábìlì mi. Nígbà tí kọ́léèjì gba ìsinmi, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí orí òkè.

Suyun ń da eérú sórí yìnyín lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì kí àwọn ọmọ má baà yọ̀ ṣubú. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un níbẹ̀, ní ìdúró. Nígbà tí mo dé ibi bátìrì, kò wò mí. Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà ilé àwọn obìnrin, ó gbé ṣọ́bìrì sílẹ̀.

“Tún un sọ. Ohun tó wí gan-an.”

Mo tún un sọ. Ó ní kí n tún un sọ lẹ́ẹ̀kan sí i.

“Ẹ̀gbọ́n Kejì, nítorí ìdánwò yẹn—”

“Ìdánwò wo? Ta ló ń sọ̀rọ̀ ìdánwò? Ọdún márùn-ún ni mo fi ń dá oúnjẹ Ọdún Tuntun jẹ nínú yàrá yìí, tí mo ń bínú sí ọkùnrin tí kò ṣẹ̀ mí. O mọ̀. O sì ń kọ̀wé kí mi kú ọdún.”

Mo kúnlẹ̀ sórí eérú náà. Ó ní kí n dìde, kí àwọn ọmọ má baà rí wa. Ó ní kí n lọ kọ ọ́ sílẹ̀ bí mo ṣe ṣe é, kí n fọwọ́ sí i, kí òun lè mú un lọ sí ibojì baba òun ní ọjọ́ tí a máa ń gbá ibojì àwọn òkú wa lọ́dọọdún. Ní àṣà wa, ohun tí a bá sun níbẹ̀ ni òkú ń rí gbà. “Mo fẹ́ kó mọ̀ pé mo ti gbọ́ iṣẹ́ tó rán,” ni ó wí. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí n bá a lọ. Ó mú ṣọ́bìrì rẹ̀, ó sì ń da eérú rẹ̀ lọ.

Ẹ̀dà kan nínú ìwé yìí, títí dé ibi yìí, ni mo fi ránṣẹ́ sí i. Ẹ̀dà kejì ni mo kà sí etígbọ̀ọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun dípò ọ̀rọ̀ ìfaradà, mo sì sọ fún wọn pé ẹni tó bá fìdí rẹmi lè tún ìdánwò ṣe, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí a kò jẹ́ fún alààyè kò ṣeé lọ jẹ́ mọ́ bí ẹni tó rán an bá ti kú. Kọ́léèjì kò ní pè mí mọ́ láti bá wọn sọ̀rọ̀. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀.

Wọ́n gbá ibojì Lei Mancang ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹrin. Arákùnrin Suyun ló pè mí lórí fóònù ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní Suyun ka ìwé náà sókè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí ó tó sun ún, ó sì ní kí òun sọ fún mi pé kí n má kọ̀wé sí Suyun mọ́.